Ohùn Bàbá Mi Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún tí àìsàn dá bàbá mi jókòó sílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, èyí tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò lójú fèrèsé yàrá wọn ní Idaw River Layout, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á tẹ ibi tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Nítorí àwa ọmọ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Enúgu ni wọ́n bí wa sí. Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ló yá lẹ́nu wa; tí a bá ń sọ Yorùbá, ńṣe la máa ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Bàbá mi fẹ́ ká mọ ibi tí a ti wá, bí bàbá tiwọn ṣe dé Enúgu gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rélùwéè, àti àwọn tó kù nílé tó yẹ ká mọ̀. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ títí àwọn yóò fi sọ ọ́ tán.

A kò gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: tí àgbàlagbà bá ní kí o dúró, o dúró. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ rò ó pé ó yẹ ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi gbé kọ̀ǹpútà náà sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan, gbogbo wa yóò jókòó, a ó sì gbọ́ ọ pa pọ̀. Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́, wọ́n ní kí n tan án wò. Ojú rẹ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ ló jáde, pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi dìde.

Ìyá mi yíjú sí mi. Èmi ni wọ́n gbà pé mo ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ilé. Iṣẹ́ wo? Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Asata ni mo wà, mo ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, mo sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Mi ò kàwé jìnnà, ojú sì máa ń tì mí débi pé tí oníbàárà bá béèrè nǹkan, ọ̀gá mi ló máa ń bá mi dáhùn. Ṣùgbọ́n mi ò lè wo ojú ìyá mi kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá mi, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìgbò kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ló là mí lóye. Ó ní tí kọ̀ǹpútà kò bá lè dìde fúnra rẹ̀, a lè kọ Linux, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, sínú fíláàṣì, kí kọ̀ǹpútà fi fíláàṣì yẹn ṣe ọ̀pá dìde. Tó bá ti dìde, a ó wọnú rẹ̀, a ó sì kó ohùn bàbá mi jáde. Linux náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, nítorí fáírọ́ọ̀sì tí àwọn oníbàárà ń kó wá ti sú ọ̀gá, kì í sì í tètè ran Linux.

Ìyá mi ra fíláàṣì tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́kọ́ jẹ́ kí n mú un lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà ná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́, wọ́n dì í sínú áńkáṣíìfù bí ẹni ń di ẹyin.

Mo ki fíláàṣì náà bọ ojú ihò kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Iná rẹ̀ kò tàn. Mo ṣí ètò tí a fi ń kọ Linux sínú fíláàṣì. Ibi tó yẹ kí orúkọ fíláàṣì wà ṣófo. Mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo gbé e lọ sí ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ọ̀gá ti kọ́ mi ní àṣẹ kan tó ń to gbogbo dísìkì tí ẹ̀rọ bá rí sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́: lsblk. Dísìkì ṣọ́ọ̀bù nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wá tẹ dmesg, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ mọ̀ pé nǹkan wọlé. Ó ti bi í léèrè pé ta ni, ó tún un bi, fíláàṣì kò dáhùn, ó sì fi í sílẹ̀. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dunni lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pe bàbá mi lórí ibùsùn ọsibítù.

Ọ̀gá fi fíláàṣì tirẹ̀ sí ihò kan náà, orúkọ rẹ̀ sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ó ní ihò kò ní àrùn, Linux náà kò ní. Ó gba fíláàṣì wa, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka nu ẹnu rẹ̀, ó sì gbọ́ òórùn ìka náà.

“Who rub cream for this flash mouth? You wan marry am?”

Àwọn tó ń dúró de fọ́tókọ́pì rẹ́rìn-ín. Mo dorí kodò.

Kì í ṣe ìpara. Òróró ólífì ni, èyí tí pásítọ̀ máa ń gbàdúrà sí fún ìyá mi. Nílé wa, gbogbo ohun tó bá ń ṣàìsàn là ń fi òróró yàn: iwájú orí ọmọ, ilẹ̀kùn, títí dé fíríìjì tí kò mú omi tutù mọ́. Mo rọra ṣàlàyé fún ọ̀gá, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fún mi ní spírítì àti òwú. Mo nu ẹnu fíláàṣì náà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo dúró kó gbẹ. Nígbà tí mo tún un kì bọ̀ ọ́, iná kékeré tàn, orúkọ rẹ̀ sì jáde.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí Linux ṣe ń wọnú fíláàṣì, òróró yẹn ni mo ń rò. Tí ìyá mi bá fi òróró sí fíláàṣì tuntun tí nǹkan kan kò ṣe, kí ni wọn kò ní í ti fi sí kọ̀ǹpútà bàbá mi?

Mo bi wọ́n léèrè nígbà tí mo délé, mo ṣe é bí ẹni ń ṣàwàdà. Wọn kò fi pa mọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ààwẹ̀, láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Wọ́n ń fi í pa àwọn bọ́tìnnì, wọ́n sì ń kán an sí ihò ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde, nítorí lójú tiwọn ibẹ̀ ló ti ń mí.

“Ohùn ọkọ mi ló wà níbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ṣé kí n kàn máa wò ó níran ni?”

Mo ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà náà, mo tàn án, mo sì yan fíláàṣì pé kó gba ibẹ̀ dìde. Ojú dúdú náà ṣí, àwòrán òfuurufú aláwọ̀ búlúù tẹ́ lọ lójú rẹ̀. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n fa àga sún mọ́ mi, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n sì tún un wé bí ẹni tí àlejò fẹ́ wọlé tọ̀. Ọwọ́ wọn lórí gèlè yẹn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Mo tẹ lsblk. Fíláàṣì wà níbẹ̀. Dísìkì kò sí. Mo pa á, mo tún un tàn, dísìkì kò sí. Mo gbé etí lé e. Nǹkan kan ń ró kó, kó, nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì lágbára mọ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Mo pe ọ̀gá lórí fóònù. Ó ní dísìkì tó bá ti ń ró bẹ́ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí, ó lè jẹ́ òróró, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Àwọn kan wà l'Ékòó tó ń ṣí irú rẹ̀, àmọ́ òun kò fẹ́ tàn mí, òun kò tíì rí ẹni tí wọ́n rí nǹkan mú jáde fún. Ẹnu mi ni ìyá mi ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbọ́ ọ.

“Ṣé òróró mi ni?”

“Rárá, Mọ́mì. Dísìkì yẹn ti gbó ni.”

Ìyá mi ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà wí nípa bàbá yín.”

Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa. Wọ́n ní kí n pa kọ̀ǹpútà náà, mo sì pa á.

Lọ́jọ́ ìrántí, a gbàdúrà, a jẹun, kò sẹ́ni tó dárúkọ ohùn. Nírọ̀lẹ́, àbúrò bàbá mi pè láti ìlú wa nílẹ̀ Yorùbá. Ìyá mi fi fóònù lé mi lọ́wọ́. Àbúrò bàbá mi kí mi, wọ́n wúre fún mi, wọ́n sì béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n àwọn fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún àwọn kí wọ́n tó kú.

Mo ní, “Wọ́n fi sílẹ̀, sà.”

Wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Kí ni wọ́n wí?”

Mo wo ìyá mi. Wọ́n ti yíjú sí ògiri.