Agogo Aago Mẹ́sàn-án

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun tó wúwo láyé tó ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe pé mo kéré nígbà náà, mi ò lè fi ọmọdé ṣe àwáwí. Tíṣà ni mí ní Òdòdé-Ìdànrè, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti Àkúrẹ́. Mo ní bàtà eré ìje méjì, mo sì ní aago ọwọ́ tó mọ iye ìgbà tí ọkàn mi ń lù, bí ẹni pé ọkàn mi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a jọ ń sáré kò ní ju bàtà kan ṣoṣo, èyí tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Àgbẹ̀ kòkó ni, Aládùúrà sì ni. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, Bọ̀dá ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Tíṣà, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo là ń lé: ká sá eré máratọ́ọ̀nù tán kí wákàtí mẹ́rin tó pé. Kò sí ẹni tó rán wa níṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò a máa bi wá pé ṣé kò sí nǹkan tó ń lé wa báyìí. Bọ̀dá ti sáré nílé ìwé rí, kí oko kòkó àti ọmọ bíbí tó gbà á lọ́wọ́ eré, ó sì ti pinnu pé lọ́jọ́ tí òun bá ṣe é, òun á gbé bàtà kọ́, òun á sinmi. “Ẹ̀ẹ̀kan péré, Tíṣà,” ló máa ń wí. “Kí n ṣáà mọ̀ pé mo ṣe é.”

Lọ́jọ́ Túsìdeè, àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè la máa ń sáré gùn, títí dé ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn ti kó kúrò. Tí a bá dúró láàárín àwọn ilé òfìfo yẹn, èmi a máa gbọ́ èémí ara mi lára ògiri, ara mi a sì bù máṣọ. Bọ̀dá ní tirẹ̀ a máa kí àwọn ilé náà: “Ẹ kú ilé o.” Á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Sátidé ni ọjọ́ eré gígùn. Láago márùn-ún géérégé ìdájí, a ó gbéra lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Bọ̀dá, a ó gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ títí dé ara òpó iná kan tí a kùn lẹ́fun, a ó sì yí padà. Ọlọ́kadà kan ló bá wa fi máṣínnì rẹ̀ wọn ọ̀nà náà, kí àlọ àti àbọ̀ lè gùn tó máratọ́ọ̀nù. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn a máa lu agogo àdúrà láago mẹ́sàn-án lójoojúmọ́, nítorí náà ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ ti dé kí agogo tó dún. Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ mi la gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni Bọ̀dá máa ń fi fóònù tirẹ̀ sí.

Sátidé kan wà nígbà ọyẹ́. Bọ̀dá já mi sílẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìkẹyìn, ó sì lọ réré. Mo rí i lókèèrè nígbà tó fọwọ́ kan géètì. Mo wo aago: wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Hà! Bọ̀dá ti ṣe é! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, inú mi ò dùn. Ó dùn mí wọnú egungun. Bí mo ṣe ń sáré bọ̀ ni agogo dún, mo sì wọlé ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú kan.

Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó gbójú sókè sí mi bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. “Tíṣà, kí laago wí?”

“Ó ku díẹ̀, Bọ̀dá. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ṣe.”

“Mo ti jókòó kí agogo tó dún o.”

“Agogo yín ló pẹ́,” ni mo wí. Mo ti fi ọwọ́ kejì bo ojú aago.

Ó wo ṣọ́ọ̀ṣì, ó wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín. “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká tún un ṣe.”

Mo sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ tí èmi náà bá ṣe tèmi ni màá jẹ́wọ́ fún un, a ó sì jọ fi rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ yóò bá a. Èmi kò tọrọ ogún ọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin péré ni mo fẹ́.

Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá kò já mi sílẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló máa ń wà, níhà ibi tí ọkọ̀ ń gbà, èmi a sì wà nítòsí koríko. “Gbé e, Tíṣà, gbé e,” lá máa wí títí a ó fi délé. Mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ ni, pé irọ́ mi ti bà á lọ́kàn jẹ́. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mo tún ń yọ̀ díẹ̀ lábẹ́nú. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ní Sátidé kẹfà, kùrukùru bo ọ̀nà. Ọkọ̀ agbégẹdú kan yọ sí wa ní kọ́nà, ó ti gba ìhà tiwa. Ọwọ́ Bọ̀dá ni mo mọ̀ léjìká mi, ó tì mí sínú koríko. Nígbà tí mo dìde, ọkọ̀ ti gbá Bọ̀dá, ẹ̀mí ti bọ́. Aago ọwọ́ mi ṣì ń ka eré lọ, mi ò sì rántí dá a dúró títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, mo sáré nínú ìdíje kan ní Èkó, mo sì ṣe é: wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́ta. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn. Igbe ni mo ké, àwọn èèyàn sì rò pé ayọ̀ ni.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ bá ìyàwó Bọ̀dá. Ó ń yí kòkó tó sá sóòrùn. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti ṣe é, pé èmi ni mo purọ́. Kò dá ọwọ́ dúró.

“Tíṣà, ta lo rò pé ó ń lu agogo àdúrà yẹn?”

Mo gbójú sókè wò ó.

“Èmi ni. Fóònù rẹ̀ tó ń fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi ń wo aago. N ò pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó délé ó bi mí, mo sì sọ fún un. Ó jó nínú yàrá títí.”

“Ẹ dákun, mà, kí ló wá dé tí kò sinmi?”

Ó nàró, ó wò mí. “Ohun tí èmi náà bi í nìyẹn. Ó ní ìṣẹ́jú kan péré ló kù fún Tíṣà, òun ò lè fi ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n má bi ọ́ o. Pé tó o bá ti ṣe tìrẹ, wàá fẹnu ara rẹ sọ fún òun.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ kòkó rẹ̀. “Ó ń retí rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé tó bá délé, mo máa ń bi í pé ṣé Tíṣà ti sọ ọ́. Á ní, kò tíì sọ.”

Òdòdé ni mo ṣì wà. Tí agogo aago mẹ́sàn-án bá dún nígbà tí mo wà ní kíláàsì, àwọn ọmọ mọ̀ pé màá gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ títí á fi tán, wọn kì í sì bi mí mọ́. Mi ò sáré mọ́, ìrìn ni mò ń rìn. Létí ọ̀nà Àkúrẹ́ ní ìdájí, mo ṣì máa ń fi àyè sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo sì máa ń sọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Bọ̀dá, ẹ ti ṣe é.” Mo ti fi aago wò ó rí, bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó láti sọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan.