Ṣé Wọ́n Ti Mú Iná Lọ Ni?

Ẹ bá mi kí àwọn ẹni ńlá tí kì í mọ ìgbà tí iná lọ! Gbogbo àdúgbò á dákẹ́, fáànù á dúró bí ẹni tó ń gbàdúrà, àwọn á wá yọjú lójú fèrèsé: "Háà, ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni? Mi ò tiẹ̀ mọ̀!" Ògo ni fún wọn! Àwọn ọba ayé àtijọ́ pàápàá mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí gbólóhùn kékeré yìí, ní Makun tí mò ń gbé ní Ṣàgámù.

Ní òpópónà wa, iná ló ń sọ bí a ṣe máa kí èèyàn. Ẹ̀gbọ́n Dáre, kọntirakitọ̀ tí ilé rẹ̀ wà níwájú tiwa, ló kọ́kọ́ gbé sólà sórí òrùlé. Láàárín oṣù kan, àwọn tó ń pè é ní Dáre lásán ti ń pè é ní Alága, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń pọn omi, ibẹ̀ náà la ti ń cháàjì fóònù. Kò díje dupò, kò jẹ oyè. Bátìrì ló yàn án! Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, ẹ sì bá mi rẹ́rìn-ín.

Bàbá Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òdìkejì ògiri mi ni wọ́n ń gbé, jọ́gíráfì ni wọ́n fi kọ́ni kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní bí ayé ṣe rí nìyẹn: àwọn tó kọ́kọ́ mọ èédú lò ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá jọba lé wa lórí, àwa tí epo sì wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, páálí la fi ń fẹ́ra. "Ogun bẹ́ sílẹ̀ níbi tí ìwọ ò lè tọ́ka sí lórí máàpù, epo dísù gbówó lórí ní Ṣàgámù. Ṣé o rí i báyìí pé iṣẹ́ mi kì í ṣe eré?"

Àtọ̀gbẹ ń bá Bàbá fínra. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, oògùn yẹn kò sì fẹ́ ooru. Inú àmù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí: ìkòkò kékeré nínú ìkòkò ńlá, iyanrìn tútù láàárín méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́! Ṣùgbọ́n oògùn náà ti wọ́n bí ojú. Ilé iṣẹ́ tó ń kó o wá ti palẹ̀ mọ́, wọ́n ní dísù ti jẹ gbogbo èrè tán. Nígbà tí Bàbá wá rí ti oṣù méjì rà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rù bà wọ́n láti fi gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò.

Èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sólà tèmi sórí òrùlé ni o!

"Bàbá, ẹ fi àmù sílẹ̀. Ayé ti kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé e wá sínú fìríìjì mi."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó dá mànàmáná sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá kó èyí tó pọ̀ jù wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àmù.

Ẹni tó bá mi to sólà náà ti kìlọ̀ fún mi: gílóòbù, fáànù, fìríìjì, ó parí. Kí n má dán amúlétutù wò. Ó ní, "Ọ̀gá, bátìrì yìí ò mọ ìwé tí ẹ kà o."

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rẹ́ mi méjì tí a jọ lọ yunifásítì wá kí mi láti Ìkẹ́nnẹ́. Iná ti lọ láti ọjọ́ kẹta. Òógùn ń ṣàn lára wọn. Mo tan amúlétutù. Mo tan tẹlifíṣọ̀n ńlá. Mo tan gílóòbù ìta, ní ọ̀sán gangan! Ọ̀kan nínú wọn wo òkè, ó ní báwo ni mo ṣe ń ṣe é, tí òpópónà ń gbóná tí ilé mi sì tutù? Mo dá a lóhùn. Ẹ ní sùúrù, màá sọ ohun tí mo sọ.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo bá wọn dé Ìkẹ́nnẹ́, mo sì sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì. N ò pa amúlétutù. Ta ló ń pa ohun tí kò rò pé ó lè tán? Òjò ṣú, oòrùn ò yọjú.

Lọ́jọ́ Tuesday tí mo dé, ilé gbóná bí ààrò, omi fìríìjì ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Mo mú ìgò oògùn kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Ọmọ Bàbá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ lórí fóònù pé nínú irú ooru yẹn, òun ò lè fọkàn tán an mọ́, kí bàbá òun má gún un. Èyí tó kù nínú àmù kò lè pé ọ̀sẹ̀ kan. Mo gun ọ̀kadà káàkiri Ṣàgámù dé Ìpẹ̀rú, gbogbo ilé oògùn ń mi orí.

Ta ló wá rí i? Ẹ̀gbọ́n Dáre! Ó gbọ́, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí Èkó, ó rà á bọ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní kí n rọra, ó tù mí nínú.

Bàbá gba oògùn, wọ́n bu omi sí iyanrìn, wọ́n tò ó sínú àmù níkọ̀ọ̀kan. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ayé ti padà síbẹ̀ o."

Ẹ̀kọ́ mi ò gùn, ó ti rẹ̀ mí. Iná tí kò tó kò yẹ fún àṣehàn. Orílẹ̀-èdè wa náà ń tan gílóòbù ojú títì lọ́sàn-án, ilé iṣẹ́ sì ń kó lọ. Kí ni iná ti sọ ẹ̀yin náà dà ní àdúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á bí fóònù mi ò bá kú.

Ohun tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ Sunday nìyí. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo wo òpópónà, mo ní, "Háà, ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni? Mi ò tiẹ̀ mọ̀."

Èmi náà sọ ọ́.