Ọwọ́ Mi Kan Ayaba

Nílé tí mò ń gbé ní Ìgàndó, ẹni tó bá borí nínú ṣẹ́ẹ̀sì, eré ọba àti ayaba, ló ń gbé pátákó sùn. Ẹni tó fìdí rẹmi ni yóò wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì láti gbà á padà. Èmi tíṣà àti télọ̀ tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ la ṣòfin yẹn, a sì ṣe òmíràn tì í: ohun tí ọwọ́ rẹ bá kàn, òun ni wàá gbé. Ká sòótọ́, ẹnu wa mọ eré náà ju ọwọ́ wa lọ.

Nígbà tí télọ̀ fẹ́ kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ ohun tí mò ń wá nínú eré ìkẹyìn. Bí mo bá borí, pátákó yóò kù sọ́wọ́ mi, ọkùnrin yìí ò sì lè fìdí rẹmi kó sùn. Yóò wọkọ̀ wá gbẹ̀san. Bí òun bá borí, ó parí nìyẹn; mo mọ ara mi.

Ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì. A gbé pátákó sórí bẹ́ńṣì.

"Tíṣà, ọba rẹ ń làágùn."

"Lẹ tìẹ ná, ó ti fàya."

Ó sì ti fàya lóòótọ́. Ó ku kí n gbé ẹṣin mi lẹ́ẹ̀kan péré, ọba rẹ̀ ò ní ríbi sá sí. Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe wọlé, tó wá bá a palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo dìde kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri, mo fọwọ́ ti bẹ́ńṣì kí n má baà ṣubú, ìka mi sì kan ayaba mi.

"Ẹ kú ìrìn, mà."

"Ọwọ́ rẹ kan ayaba," ọmọ rẹ̀ wí.

"Ìyá rẹ ni mò ń kí."

"Ìyá mi ti gbọ́. Gbé ayaba jàre."

Ìyá wò wá. "Àgbààyà méjì. Igi lẹ ń tìtorí ẹ̀ jà."

Ayaba yẹn ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọba mi. Bí mo ṣe gbé e, télọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé, ó há ọba mọ́ igun. Ó ki pátákó bọ àárín aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bá a rín in. Ká ní mo ti gbé ẹṣin yẹn kí n tó dìde ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ta ni yóò jókòó kí ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ dúró máa wò ó?

Télọ̀ pè mí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ eré náà ládùúgbò àwọn. Pátákó ń jẹ eruku lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kó gbé e wá, kí n nà án.

"Kí ni mo fẹ́ wá gbà? Ṣebí ìwọ lo fìdí rẹmi. Wá kan ilẹ̀kùn."

Mo ní màá wá bí iléèwé bá ti gba ìsinmi. Ìsinmi dé, ó tún ti lọ.