Òpó Kẹta Nínú Abà Tollefsrud

Ìka méjì péré. Òun ni Verlyn Tollefsrud fi ń kan òpó abà bó ṣe ń kọjá, díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń kan èjìká màlúù kó má baà ta á nípàá. Òpó kìíní. Òpó kejì. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ìkẹta, ọwọ́ náà wọ àpò lọ. Ó tún jáde ní òpó kẹrin.

Leo Sobotta, káfíńtà, rí i láti orí àkàsọ̀.

Verlyn ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó fún wàrà nínú abà yẹn fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí orúnkún kọ̀ fún un, ó ta àwọn màlúù, ó sì fi abà ta àwa ará àfonífojì lọ́rẹ. Gbọ̀ngàn la fẹ́ fi ṣe. Ijó lókè, lórí àjà tí koríko gbígbẹ máa ń wà. Ìwé kíkà àti aṣọ híhun nísàlẹ̀. Karin, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni alága. Ìṣíde ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, igba èèyàn ló sì ń bọ̀ wá jó.

Àjà náà tẹ̀ láàárín. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a sì mọ ìdí rẹ̀: bàbá Leo ló tẹ́ ẹ lọ́dún 1970, kò sì tẹ́ ẹ dáadáa. Bàbá Verlyn ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lójú gbogbo ìjọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pe Sobotta kankan wá tún abà ṣe ní ìhà tiwa. Ilé ìdáná ni wọ́n ń pè wọ́n sí. Kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bàbá Karin," Leo sọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, "kí ni òpó yẹn ṣe fún yín?"

"Òpó wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń bá yodì."

Karin rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a yodì. Màlúù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n lọ fún."

"Ó dáa," Leo ní. "Màá gbá ìṣó díẹ̀ kún iṣẹ́ bàbá mi lókè, kí n wá fọwọ́ síwèé pé àjà náà lágbára. Ó gbé koríko fún ọdún gbọọrọ, ó máa gbé èèyàn. Iṣẹ́ wọn ò dáa níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe èèyàn burúkú."

Verlyn wá àpótí kan jókòó lé.

"Koríko kì í jó ijó," ó ní. "Má fọwọ́ sí i, Leo. Mú hámà ẹ, kan òpó yẹn."

Leo kàn án. Ó dún bí àpótí. Pákó mẹ́rin, ẹfun lára, òfìfo nínú.

"Katakata tuntun ò ráyè yí," Verlyn sọ. "1971. Bàbá mi wà ní ọsíbítù. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ màlúù. Mo gé òpó náà, kó tó dọ̀sán, mo ti fi katakata kó gbogbo ẹ̀ tán. Ni bàbá mi bá ní àwọn ń bọ̀ nílé lọ́la. Òpó tí bàbá tiwọn fọwọ́ gbẹ́."

"Lẹ bá kan pákó," Leo ní.

"Mo kan pákó. Mo kùn ún lẹ́fun. Mo padà sídìí ṣọ́bìrì."

Karin bú sẹ́rìn-ín. Ó rí ojú Leo, ó dákẹ́.

"Ẹ sì gbọ́ ohun tí bàbá yín sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì," Leo sọ fún Verlyn.

"Mo jókòó tì wọ́n."

"Títí bàbá mi fi kú ni wọ́n ń ya àjà yìí sórí páálí. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti ṣì í."

"Leo, jọ̀ọ́," Karin ní. "Ká kàn fi òpó síbẹ̀. Láìwí."

"Oṣù mẹ́ta la máa fi gbé àjà yìí sókè, díẹ̀díẹ̀. Wàá ní láti wí ìdí tí ìṣíde fi sún." Ó yíjú sí Verlyn. "Ibi tí bàbá yín ti sọ tiwọn, ibẹ̀ ni kẹ́yin náà ti sọ tiyín."

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìkéde, Verlyn dìde. Leo wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Sọ ọ́ sókè, Verlyn," ẹnì kan ní.

Ó sọ ọ́ sókè. Katakata. Pákó. Ẹfun. "Iṣẹ́ Sobotta ò lábùkù. Èmi ni." Ó jókòó.

Ìṣíde sún sí oṣù kẹwàá. Leo Sobotta ti tún abà mẹ́rin ṣe ní ìhà tiwa láti ìgbà náà.