Pupa Orí Erékùṣù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Rachel Ọ̀nàfúwà fi kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní jọ́gíráfì. Ó kọ́ wọn ní erékùṣù, ó kọ́ wọn ní òkè tó ń yọ iná. Òun fúnra rẹ̀ kò fojú rí ọ̀kan rí. Omi tó tóbi jù tó rí ni ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Walter ọmọ rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà fún un, ó sì fi ibi tó ti lè rí fọ́tò tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè hàn án. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ríṣẹ́ ṣe. Tó bá ti mu gààrí àárọ̀ tán, á jókòó, á máa wo erékùṣù. Èyí tí òkun ń jẹ létí, á kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí tí òkè rẹ̀ bì, tí àpáta yíyọ́ ṣàn wọ òkun tó di ilẹ̀ tuntun, á na òwú sójú kọ̀ǹpútà, á fi wọn ilẹ̀ náà, á kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ará Ìta-Àlẹ́, àdúgbò rẹ̀, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n gbọ́ pé Tísà ń wo ayé láti ojú ọ̀run, ni wọ́n bá dé. Ọ̀kan ní kó bá òun wo ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ òun ní Òdogbolú. Òmíràn ní kó bá òun wo ilé tí ọkọ òun sùn sí.

"Fọ́tò ni o! Fọ́tò tí wọ́n ti yà kọjá. Ọkọ yín ò sì tó ohun tó ń hàn níbẹ̀."

"Ẹ ti rí i, Tísà. Ẹ kàn ń bò ó láṣìírí ni."

Rachel á mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Alhaji Wàhábì tó ń ta irin ìkọ́lé wọlé. Kò ṣeré. Mardiyah ọmọ rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní erékùṣù kékeré kan láàárín òkun, ọ̀nà jíjìn. Òkè erékùṣù náà bì lọ́jọ́ Sátidé. Rédíò ló sọ ọ́. Láti ìgbà náà, fóònù ọmọ ò lọ mọ́.

"Tísà, ẹ bá mi wo ọmọ mi."

"Mi ò lè rí èèyàn níbẹ̀, Alhaji. Ìlú tó ń gbé ni mo lè rí. Fọ́tò tuntun á jáde lọ́túnla."

Ó jáde lóòótọ́ ní Ọjọ́rú. Oríṣi kan wà nínú àwọn fọ́tò yìí tó máa ń gbé ewé tútù jáde ní pupa bí epo. Ohun tó jó, tàbí tí eérú bò, kì í pupa, á dúdú tàbí kó rí bí eérú. Èyí ni Rachel ṣí, torí èéfín ò jẹ́ kí fọ́tò tó ní àwọ̀ bí ojú ṣe ń rí i hàn dáadáa. Ìwọ̀ oòrùn erékùṣù ti di eérú. Ìlà oòrùn, níbi tí Mardiyah ń gbé, pupa dẹ̀dẹ̀. Inú Rachel dùn. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Abdulrauf, àbúrò Alhaji, torí fóònù Alhaji ò gba fọ́tò. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bó ṣe pupa! Ẹ fi han Alhaji kíá." Ó sì gba Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án, bàtà ti kún iwájú ilé Alhaji. Àwọn àáfà ti jókòó. Kúbúrátù ìyá Mardiyah wà nílẹ̀ lórí ẹní, kò lè gbórí sókè.

"Ta ló kú?" Rachel bèèrè.

"Ẹ ṣeun, Tísà," ni Abdulrauf wí. "Ẹ̀yin náà lẹ fi iná hàn wá. Gbogbo ọwọ́ ibi tó ń gbé ló jó."

"Iná wo?"

"Èyí tó pupa."

"Ewé ni!" Rachel figbe ta. "Ewé tútù ló pupa yẹn!"

Gbogbo wọn wò ó. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Ẹ fún Tísà lómi mu. Ewé wo ló ń pupa?"

Inú bí i sí wọn, ó bí i sí ara rẹ̀ jù. Ó sáré lọ gbé kọ̀ǹpútà wá, ó ṣí irú fọ́tò kan náà.

"Ìjẹ̀bú-Òde nìyí. Igbó ọ̀nà Ìbẹfun nìyí. Àwọ̀ wo ni?"

"Pupa," ni wọ́n wí.

"Ṣé iná ń jó n'Íbẹfun?"

Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn ní, "Mo ti Ìbẹfun dé láàárọ̀ yìí. Iná ò jó níbẹ̀."

"Bóyá ìgbà tó o kúrò ni," ni Abdulrauf dáhùn.

Rachel fẹ́ fi kọ̀ǹpútà lù ú. Alhaji gbọ́wọ́ sókè.

"Tísà, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣé ọmọ mi wà láàyè?"

Ì bá rọrùn fún Rachel láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ojú Kúbúrátù ti wà lára rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Alhaji. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ ibi tó ń gbé ò jó. Ewé ibẹ̀ ò kú. Fọ́tò ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Alhaji kọjú sí àáfà. "Ẹ yí àdúrà yẹn padà. Ti alààyè ni kẹ́ ẹ ṣe."

"Alhaji, a ti bá ti òkú dé ìdajì."

"Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Rachel tún gbé fọ́tò tuntun lọ sílé Alhaji. Kò tíì ṣí i tí fóònù Abdulrauf fi dún. Ohùn obìnrin gba gbogbo yàrá.

"Bàbá Kékeré, ta ló pa mí? Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wó! Mo ṣí Wásáàpù, ọgọ́fà èèyàn ló ń sọ pé kí Ọlọ́run forí jì mí! Kí ni mo ṣe?"

Kúbúrátù kígbe. Abdulrauf na fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó mú ẹyín iná dání. Alhaji gbà á, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbé e sétí, ó wúkọ́.

"Dádì? Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò sọ̀rọ̀."

"Mò ń gbọ́ ẹ," ni Alhaji wí. "Máa bú wa lọ."