Isó Tí Gbogbo Wọ́ọ̀dù Ń Dúró Dè

Kò sí páìpù ìdọ̀tí tí Baba Páìpù kò lè là. Bó bá gbé etí lé ògiri ilé yín, ó lè sọ ohun tẹ́ ẹ jẹ níjẹta. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, òfin kan ṣoṣo ló sì ní: bí páìpù bá dí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da nǹkankan sí i láti òkè. Oníbàárà tó bá ti da omi gbígbóná sí i kí ọ̀gá tó dé, yóò jẹ èébú yó.

"Ibi tó dí ni kẹ́ ẹ wá! Ẹnu ọ̀nà há, ẹ tún ń ti èrò sí i!"

Ọjọ́ tí ìfun tiẹ̀ náà wá dí, kí ni ọ̀gá ṣe? Ó da oògùn ìyàgbẹ́ sí i láti òkè.

Ife mẹ́ta. Ikùn rẹ̀ wú, ó wú títí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì fi já, tó gba ojú fèrèsé lọ. Wọn ò tíì rí i dòní. Kò lè yàgbẹ́, kò lè só. Ohun tó ń bì kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, nígbà tó yá, òórùn ìgbẹ́ ló ń run. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ, ó gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà, obìnrin kan tí kò ju àbígbẹ̀yìn wọn lọ, yàwòrán inú rẹ̀. Ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, ó fi fa omi jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá.

"Bàbá, àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín láyé ọjọ́sí ti lẹ̀ mọ́ ìfun kékeré, ó ti fún un pa. Rọ́bà ò ràn án. A máa la inú yín lónìí."

"La inú ta ni? Ọmọ mi, ká dúró wò ó ná. Ìgbẹ́ kì í há títí ayé."

Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wọ yàrá abẹ, bàtà ẹ̀gbọ́n nìkan ni wọ́n gbé jáde.

Dókítà fara balẹ̀. "Ìfun kékeré dà bí odò, bàbá. Tó bá ń ṣàn, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ò ráyè kọ́lé púpọ̀ síbẹ̀. Ìfun ńlá nilé wọn, wọn kì í sì í bá wa jà níbẹ̀. Àmọ́ odò yín ti dúró. Wọ́n ti ya bo ìfun kékeré, wọ́n ń bí sí i ní wákàtí wákàtí. Òórùn ohun tẹ́ ẹ̀ ń bì yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ara ìfun tó wú sì ti ń fẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá jò wọnú ẹ̀jẹ̀..."

Baba Páìpù yíjú sí ògiri.

"Dókítà, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ fún mi," ni ìyàwó wí. Ó fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Baba Páìpù, àwọn oníbàárà yín tó fi páìpù dídí sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Páìpù nìyẹn."

"Mo ní, kí lẹ sọ?"

"Mo ní omi tó bá dúró, ọmọ ló ń bí."

"Ẹ tún ní?"

"Mo ní... páìpù ò ní dúró dè wọ́n." Omi lé ròrò lójú ọ̀gá. "Ìyá àwọn ọmọ mi, bí mi ò bá jáde ńkọ́?"

Ìyàwó na ẹsẹ̀ síwájú. Bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, gàgàrà, ẹsẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. "Wọn ò ní gbé bàtà kankan jáde fún mi. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ẹ jáde wá gbà á."

Baba Páìpù ní kí wọ́n mú bírò wá, ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n bá ìfun náà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti ń dúdú bọ̀. Dókítà ní bó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀.

Ó wá ku ẹ̀rí kan: isó. Bí kò bá só, kò dá wọn lójú pé ọ̀nà ti là. Láràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń bèèrè, "Bàbá, ẹ ti só?" Awakọ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìyàwó ò kúrò lórí àga, kò bọ́ bàtà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó dún. Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n, awakọ̀ pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì méjì sá wọlé.

Ìyàwó tú okùn bàtà, ó bọ́ ọ, ó tò ó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ gba bàtà yín," ló wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ti bó mi lẹ́sẹ̀."