Tọ́ọ̀ṣì Ẹlẹ́wù Mẹ́ta

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ìyá mi ṣì ń dirun fún mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Ṣógúnlé ni à ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo tí bàbá mi háyà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe fi ti òní wo Ṣógúnlé ìgbà yẹn o. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí ó ti rẹ̀ mí, mi ò sì rò pé mo lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri.

Ìwó ni àwọn òbí mi ti wá sí Èkó. Iṣẹ́ páànù ni bàbá mi ń ṣe. Á gé páànù, á ká a, á fi òjé jó o pọ̀, á fi ṣe fìtílà, àrọ tí wọ́n fi ń rọ kẹrosíìnì, àti garawa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá níbẹ̀. Ó fẹ́ràn láti máa sọ pé kò sí fèrè tó ń pe òun wọlé, kò sì sí èyí tó ń lé òun jáde. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi á ní, "A ti gbọ́, ọ̀gá àwọn ọ̀gá," inú bàbá mi á sì dùn.

Àsìkò yẹn ni owó epo rọ̀bì wọ̀lú. Ẹrù òkè òkun ń wọlé lójoojúmọ́. Garawa oníke dé, ó fúyẹ́, ó dára lójú, kì í sì í dípẹtà. Tọ́ọ̀ṣì náà dé lóríṣiríṣi. Àwọn tó máa ń ra fìtílà lọ́wọ́ bàbá mi wá di ẹni tó ń kí i lásán tí wọ́n bá ń kọjá. Wọ́n á ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," bàbá mi á dáhùn, á sì tún tẹjú mọ́ páànù tí kò sẹ́ni tó ní kó gé.

Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan wà ní ìhà Ìsọlọ̀. Àbúrò ìyá mi bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nítorí bàbá mi, wọ́n sì gbà pé kó wá máa gbé ẹrù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni kó wọlé. Tí wọn ò bá rí i lọ́jọ́ náà, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Bàbá mi ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò tíì sọ.

Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ó ti ṣàkíyèsí pé inú tọ́ọ̀ṣì kì í tètè bàjẹ́. Ara rẹ̀ ni òjò Èkó ń bà jẹ́, àwọn èèyàn á sì jù ú nù tòun ti gílóòbù tó ṣì ń tàn. Ó ní kí ló dé tí èèyàn ò lè pààrọ̀ ẹ̀wù fún tọ́ọ̀ṣì? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ká páànù, ó jó o, ó di ọ̀pá oníhò gbọọrọ tó gba bátìrì méjì. Ó mú awò àti gílóòbù láti ara èyí tí ẹnì kan ti jù nù, ó fi ṣe orí. Ìdí rẹ̀ ní ọmọrí tó ṣeé yí. Tí o bá yí ọmọrí náà kúrò, wàá fa ẹ̀wù rẹ̀ bọ́ láti ìsàlẹ̀, wàá wọ òmíràn fún un, wàá sì dé e padà.

Ẹ̀wù mẹ́ta ló ṣe. Ti idẹ wà fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe fáàrí lọ sílé. Èyí tí ó fi awọ bò wà fún àwọn dírẹ́bà àti mẹkáníìkì tí òróró máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kẹta jẹ́ páànù tí a máa kùn ní ọ̀dà pupa. Ẹ wò ó, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe nǹkan wọ̀nyí. Kó lè mọ̀ pé ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan bá ara tọ́ọ̀ṣì mu, ó máa ń ya ewé kan nínú ìwé tí mò ń lò nílé ẹ̀kọ́, á fi wé tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, á sì wọ ẹ̀wù náà lé e. Ewé kan gbọ́dọ̀ wọlé. Ewé méjì ò gbọdọ̀ wọlé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á tún un jó. Olùkọ́ mi nà mí nítorí ìwé tí ewé rẹ̀ ń dín kù, mi ò sì sọ ẹni tó ń ya á.

Nítorí pé ọwọ́ mi rọ̀, èmi ni bàbá mi ní kí n kun ẹ̀wù pupa. Ó ní kí n kùn ún lẹ́ẹ̀kan péré, ìta nìkan. Mo kùn ún ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo gbé e wò, mo rí i pé ọ̀dà rẹ̀ fẹ́lẹ́ níbì kan, mo sì rí àmì ìpẹtà kékeré lẹ́nu rẹ̀ nínú. Bàbá mi ti lọ kí ẹnì kan. Mo fẹ́ kí tèmi dára ju idẹ lọ. Mo tún ìta kùn, mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọnú, mo sì kun inú náà yíká. Inú mi dùn gan-an. Mo gbà pé mo ti gba bàbá mi lọ́wọ́ ìpẹtà.

Ọjọ́ Ajé ni a lọ sí Apakun. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹrù òkè òkun lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ti ní kí bàbá mi mú tọ́ọ̀ṣì náà wá kí òun rí i. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ń lọ ra ọjà tó máa tà nígbà òjò ní Ìdúmọ̀tà. Tó bá fẹ́ ti bàbá mi, kò ní ra tòkè òkun, ṣọ́ọ̀bù wa á sì wà síbẹ̀. Tí kò bá fẹ́ ẹ, Ìṣẹ́gun ti dé nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, mo bá tẹ̀ lé bàbá mi. Nígbà tó ń wọ aṣọ lọ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé pupa ni kó kọ́kọ́ fi hàn, ó ní kí n wọ̀ ọ́ fún un. Ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tì í, kò fẹ́ lọ. Mo fi ìdí rẹ̀ lé ilẹ̀, mo fi gbogbo ara tì í wọlé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oòrùn mú púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọkùnrin náà gba tọ́ọ̀ṣì, tó tàn án sínú páálí tó ṣófo, ó pariwo. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Kò ṣeé mọ̀ yàtọ̀ sí tòyìnbó o! Dọ́sìnì mẹ́wàá ni n ó kọ́kọ́ gbà. Ó yá, ẹ bọ́ ẹ̀wù ẹ̀ kí n rí i."

Bàbá mi yí ọmọrí, ó fà á. Kò bọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fà á. Ó fi há orúnkún, ó fi aṣọ dì í mú, ó fà á títí òógùn fi ń kán sí i lórí. Àwọn èèyàn ti ń dúró wò wá. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe télọ̀ wá o," wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gba tọ́ọ̀ṣì náà wò, ó rọra fi lé bàbá mi lọ́wọ́ padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọjà ni, mi ò lè fi wéwu. Mo gbọ́dọ̀ lọ báyìí."

A ń bọ̀ wálé lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, bàbá mi níwájú, èmi lẹ́yìn. Ó dúró. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó lo kùn ún?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni, Bàámi."

Ó ní, "Ó dáa. Á jẹ́ pé ìwọ̀n mi ni ò péye."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ sí Ìsọlọ̀. Ó ta sísọ́ọ̀sì páànù rẹ̀ àti òòlù rẹ̀. Ó ti tọ́ọ̀ṣì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Tí àwọn èèyàn bá bi í ìdí tó fi pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, á ní ojú òun ò ríran dáadáa mọ́, pé ọwọ́ òun ti gbàgbé ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Fèrè ń pè é wọlé, fèrè ń lé e jáde, títí tó fi darúgbó. Mo fẹ́ sọ fún un nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Nígbà tó ń ṣàìsàn, èmi ni mò ń fún un lóògùn, mo sì wò ó lójú lójoojúmọ́, ẹnu mi ò gbà á láti sọ ọ́. Ojú tì mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó sì ṣì ń tì mí.

Ayé ìsinsìnyí yàtọ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe nǹkan tó ń lò. Ó bàjẹ́, a jù ú nù, a ra òmíràn. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní ẹ̀wù mẹ́rin fún fóònù rẹ̀, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń pààrọ̀ bàtà, kò sì sí ẹni tó ń yà lẹ́nu. Ọjọ́ kan tí mò ń wo bó ṣe ń bọ́ ọ̀kan wọ òmíràn ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá mi. Mo ní kó bá mi fa àpótí jáde, èyí tí mo kó tọ́ọ̀ṣì náà àti àwọn ẹ̀wù rẹ̀ sí nígbà tí bàbá mi kú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi rẹ tọ́ọ̀ṣì náà sínú kẹrosíìnì. Ọmọ náà fà á, ẹ̀wù pupa bọ́. Ọ̀dà nípọn nínú rẹ̀, ó ń já wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Mo nu ara tọ́ọ̀ṣì, mo ya ewé kan nínú ìwé ọmọ náà, mo wé e, mo wọ ẹ̀wù idẹ lé e. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo fi ewé kejì kún un, kò wọlé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tawọ, kò yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, mo họ gbogbo ọ̀dà inú tipupa kúrò, mo sì fi ewé kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n. Òun náà wọlé wẹ́rẹ́, ni mo bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọmọ náà ní, "Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ẹni tó bi mí léèrè lọ́jọ́ tí a ń ti Apakun bọ̀ ni mò ń dá lóhùn. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Bàámi, mo sì kun inú rẹ̀. Ìwọ̀n yín péye."